Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ṣọ́ọ̀ṣì alàwòrán Bucovina, ní Romania

Àdùnní Hamburg: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti màmá mi tá a jọ ń gbé ní Jámánì fẹ́ lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n ya àwòrán bo ògiri wọn níta, ní Bucovina, apá àríwá ìlà-oòrùn Romania. Oṣù Karùn-ún là ń wò. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ wọn kò gba ìrìn púpọ̀. Èwo la ò gbọ́dọ̀ fò? Ẹ jọ̀ọ́.

Baba Ìbejì: Ẹ kú ìmúra. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, Voroneț ni. Ștefan cel Mare, tó jọba ilẹ̀ Moldavia àtijọ́, tí Bucovina wà lára rẹ̀ nígbà náà, ló kọ́ ọ lọ́dún 1488, oṣù mẹ́rin kò pé tí iṣẹ́ fi parí. Àwòrán ìta dé ní 1547. Ẹ lọ lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá ti kọjú sí ògiri ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ni Ìdájọ́ Ìkẹyìn wà. Odò iná ń ṣàn wálẹ̀ láti ẹsẹ̀ Kristi, àwọn áńgẹ́lì ń fun fèrè gígùn tí àwọn darandaran ibẹ̀ máa ń fun, àwọn ẹranko igbó sì ń dá apá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ti pa jẹ padà, kí olúkúlùkù lè jí ní odidi. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ìyá Ṣadé: Baba Ìbejì, ẹ má bínú, Sucevița ni tèmi. Odi gíga ló yí i ká bí ààfin. Lára ògiri àríwá, àkàbà kan wà níbẹ̀ tó ní àtẹ̀gùn 30, ó gùn dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Lápá kan àwọn áńgẹ́lì oníyẹ̀ẹ́ pupa tò létòlétò. Lápá kejì gbogbo ẹ̀ dàrú, àwọn ẹ̀mí àìmọ́ ń fa àwọn tó ń gòkè lẹ́sẹ̀. Ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yòókù, òjò àti atẹ́gùn ti fọ púpọ̀ nínú àwòrán ògiri àríwá lọ. Bí ẹ bá gbọ́ kó-kó-kó, ẹ dúró: sísítà kan ló gbé pákó gígùn, tó ń fi òòlù igi lù ú yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Bí wọ́n ṣe ń pe àdúrà nìyẹn. Kí Màmá wọ ìró àti bùbá, kí wọ́n wé gèlè, ó bá ibẹ̀ mu gan-an. Ṣòkòtò péńpé kò yẹ níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ bàálù dé Suceava, kí ẹ sùn sí Gura Humorului. Voroneț àti ṣọ́ọ̀ṣì alàwòrán mìíràn, Humor, kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kejì ẹ háyà mọ́tò pẹ̀lú awakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Moldovița àti Sucevița, torí òkè ló wà láàárín wọn. Lórí òkè náà, ní Ciumârna, ẹ ó rí ère ọwọ́ ńlá kan tí wọ́n fi yẹ́ àwọn tó la ọ̀nà yẹn sí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ní Moldovița, ẹ wá àwòrán tí ogun ti ká Constantinople (Istanbul òde òní) mọ́, tí àdúrà sì gba ìlú náà sílẹ̀. 1537 ni wọ́n yà á, bẹ́ẹ̀ àwọn Tọ́kì ti gba ìlú náà láti 1453. Mo dúró síwájú ẹ̀ títí. Ní ti fíìsà, Romania ti wọ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí kì í yẹ ìwé wò ní ààlà àárín ara wọn, pátápátá láti oṣù Kìíní 2025, ìwé ìgbélùú Jámánì yín ti tó.

Àdùnní Hamburg: Ẹ ṣé gan-an ni o! Ṣọ́ọ̀ṣì Putna ńkọ́?

Baba Ìbejì: Ibojì Ștefan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àwòrán níta, ó sì jìnnà sókè, nítòsí ààlà Ukraine. Bó bá ti rẹ Màmá, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ padà sí Voroneț lọ́sàn-án ọjọ́ náà.