Láptọ́ọ̀pù kékeré tí kò ní Windows nínú, tí mo fẹ́ fi Linux sí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Ìṣirò, Ìsánlú
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tí mo lè máa gbé lórí ọ̀kadà láti Ìsánlú dé iléèwé wa ní Mọ́pà. Linux Mint (ẹ̀yà kan lára Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows) ni mò ń lò lórí kọ̀ǹpútà ńlá inú ilé, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Ohun tó ń ká mi lára ni pé gbogbo tuntun tí mo rí lọ́jà ló ti ní Windows nínú. Owó Windows yẹn wà lórí ọjà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí mo bá gbé e délé ni màá pa á rẹ́. Ṣé a lè rí èyí tó ṣófo rà? Ìbéèrè ìdánwò ni mo máa fi tẹ̀, ti ìṣirò àti ti Yorùbá, pẹ̀lú GeoGebra (ètò tí a fi ń ya àwòrán ìṣirò) àti Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) díẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Sólà kékeré ni mo gbójú lé.

Ọmọ Kàbà, Ìlọrin
Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ FreeDOS (ètò kékeré ọ̀fẹ́ kan) sára páálí rẹ̀, èyí tí kò ní Windows nìyẹn. Dell bẹ̀rẹ̀ sí í ta láptọ́ọ̀pù XPS 13 tó ní Ubuntu (ẹ̀yà Linux mìíràn) láti iléeṣẹ́ ní 2012. System76 ní Amẹ́ríkà àti TUXEDO ní Jámánì, iṣẹ́ Linux gan-an ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ẹ ro owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bá sì bàjẹ́, ta ni yóò bá yín rí òmíràn ní Lọ́kọ́ja?

Bàbá Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Kàbà
Tíṣà, tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà. Iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó ti san owó Windows inú rẹ̀ tipẹ́, kò sí lọ́rùn yín mọ́. Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti dàgbà díẹ̀. Irú wọn ni ThinkPad X270 ti Lenovo. Linux ò bìkítà, tayọ̀tayọ̀ ló máa fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

X270 ni èmi ìbá rà. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 12.5, ó sì ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ lè yọ ti ẹ̀yìn kí ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́, iṣẹ́ yín ò ní dúró. ThinkPad T480 náà dára, ó kàn tóbi díẹ̀ sí i. X280 fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti jó RAM rẹ̀ (ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń wà) mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ ò lè fi kún un láéláé.

Ẹ má sanwó láìdán an wò. Ẹ mú fíláàṣì tí Mint wà nínú rẹ̀ dání, ẹ tẹ F12 bó bá ṣe ń tàn, kí ẹ lò ó láti orí fíláàṣì níbẹ̀, lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà kíbọ́ọ̀dù. Ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó bóyá yóò jí. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Terminal (ojú tí a ń tẹ àṣẹ sí), ẹ tẹ `upower -d`, kí ẹ fi energy-full (iná tí bátìrì lè gbà báyìí) wé energy-full-design (èyí tó lè gbà nígbà tó wà ní tuntun). Bí bátìrì inú bá yẹ kó jẹ́ 23 Wh (ìwọ̀n iná) tó sì ń sọ 11, ìdajì bátìrì ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ẹ tún un tàn, ẹ tẹ F1 kí ẹ lè wọ BIOS (ìṣètò inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀). Bó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kó dára tó lójú. Yíyọ bátìrì kékeré inú bọ́ọ̀dù kì í pa páásíwọ́ọ̀dù yẹn rẹ́ lára ThinkPad, ẹnikẹ́ni tó bá ní ó rọrùn, ẹ má gbà á gbọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrá
Ẹ má gbàgbé Wi-Fi. Ẹ tẹ `lspci` nínú Terminal kan náà, kí ẹ wo orúkọ ẹni tó ṣe Wi-Fi rẹ̀. Bó bá jẹ́ Intel, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ Broadcom, ó lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan àfi bí ẹ bá gba dúráífà rẹ̀ (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Linux lè lò ó) wọlé. Ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, kí ẹ fi dátà fóònù gbà á wọlé.

Tíṣà Ìṣirò, Ìsánlú
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. X270 wọ̀ mí lójú. Ṣé ó lè gba iná sólà láìsí invata? Àti àmì Yorùbá ńkọ́?

Bàbá Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Kàbà
Ó lè gbà á. X270 àti T480 ń gba iná lójú USB-C. Ẹ wá ṣájà mọ́tò tó ní USB-C PD (irú USB-C tó lè gbé iná tó tó láptọ́ọ̀pù), tó tó 45W ó kéré tán, kí ẹ so ó mọ́ bátìrì 12V ti sólà yín. Invata fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú iná náà, ẹ ò sì ní iná àfiṣòfò.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrá
Ti àmì: ẹ lọ sí ìṣètò kíbọ́ọ̀dù nínú Mint, ẹ wá Nigeria, ẹ mú Yoruba. Ó ti wà níbẹ̀, ẹ ò ní gba ohunkóhun wọlé mọ́. Ẹ, ọ àti ṣ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Òun ni mo fi ń tẹ èyí.

Tíṣà Ìṣirò, Ìsánlú
Ó tán! Àbúrò mi tó ń gbé ní Ìkẹjà ló máa bá mi rà á. Màá fi fíláàṣì rán awakọ̀ sí i.

Bàbá Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Kàbà
Ó dáa. Ẹ ní kó fi fóònù ya fídíò ojú `upower` ránṣẹ́ sí wa níbí kó tó sanwó. Màá wò ó.