Ìmọ̀ràn: A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ open mic àti slam ewì ní Ìbàdàn

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. A fẹ́ máa ṣe alẹ́ ewì lóṣooṣù ní Bódìjà, nínú gbọ̀ngàn tó gba ènìyàn 60. Ewì Yorùbá wà ńbẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì náà wà. Báwo la ṣe máa pín àkókò? Ta ni kó máa fún wọn ní máàkì? Ṣé ká gba onílù láàyè?

Akéwì Òkè-Àdó: Ẹ má da open mic àti slam pọ̀: ní open mic, wọn kì í fún akéwì ní máàkì; slam ni ìdíje ewì tí wọ́n ti ń fún wọn ní máàkì. Open mic ni kó ṣáájú: akéwì 8, ìṣẹ́jú 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí slam: akéwì 8 ní ìpele kìíní, 4 ní ìkejì, 2 ní àṣekágbá. Ewì 14 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ka àkókò tẹ́ ẹ máa fi pe máàkì mọ́ ọn, ewì kan á gbà tó ìṣẹ́jú 5. Ìṣẹ́jú 70 ni gbogbo slam. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, káwọn èèyàn lè rí Micra wọ̀ délé. Ojú àánú ló ń ba ètò yìí jẹ́: wọ́n á gba akéwì 15, ìpele kejì ò ní í tíì parí tí èrò á ti máa dìde.

Ìyá Àdùnní: Ní ti máàkì, ẹ má pe ọ̀jọ̀gbọ́n. Marc Smith tó dá slam sílẹ̀ ní Chicago, tó gbé e wọ ilé ìgbafẹ́ Green Mill ní 1986, àárín èrò ló ti ń mú adájọ́. Ẹ mú ènìyàn 5 tí kò bá akéwì kankan tan, tí wọ́n gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, kẹ́ ẹ sì fọ́n wọn ká gbọ̀ngàn. Láti 0 dé 10 ni wọ́n á kọ, irú bíi 7.8 tàbí 8.4, kí ọ̀mì má baà pọ̀. Ẹ yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, kẹ́ ẹ ro mẹ́ta tó kù pọ̀. Ẹni tó gba 7.8, 8.1, 8.4, 8.6 àti 9.9, 25.1 ni tirẹ̀. 9.9 ẹni tó fẹ́ gbè é lẹ́yìn ti wọ́gilé nìyẹn. Bí ọ̀mì bá ṣẹlẹ̀, ẹ dá méjì tẹ́ ẹ yọ padà.

Máàkì sì máa ń gòkè bí alẹ́ ṣe ń lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe ló ń jìyà ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akéwì kan tí kò bá wọn díje kọ́kọ́ kéwì, káwọn adájọ́ fi tirẹ̀ dánra wò. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó wá ṣẹ́ kèké ta ni yóò ṣáájú.

Àyàn Ọ̀jẹ́: Ẹ gba gángan láàyè o. Ewì orí rédíò làwọn ará Ìbàdàn fi dàgbà. Bí wọn ò bá gbọ́ ìlù, ara wọn ò ní yá.

Ìyá Àdùnní: Àyàn, ní open mic, bẹ́ẹ̀ ni. Òfin slam ò gba ohun èlò orin, kò gba aṣọ eré, ewì akéwì fúnra rẹ̀ ló sì gbà. Bí ìlù bá wọ̀ ọ́, onílù ni wọ́n á máa fún ní máàkì, ẹni tí kò lówó onílù á sì pàdánù. Orin àti ìsàré (ewì tí wọ́n ń fi ohùn sun) tó tẹnu akéwì jáde ò lòdì sófin.

Akéwì Òkè-Àdó: Ìṣẹ́jú 3 ni ewì slam. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 10 jìn ín; lẹ́yìn ìyẹn, 0.5 ni kẹ́ ẹ máa yọ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ sí. Ẹni tó lo ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 25, máàkì 1 ló lọ. Ìbà wà nínú àkókò yìí, ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Ìlà méjì tó fún ìbà. Oríkì orílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, torí náà ẹ kọ iye ìlà tẹ́ ẹ máa gbà sínú ìkéde, kí ìjà má baà dé lójọ́ náà.

Àyàn Ọ̀jẹ́: Mo gbà, Mọ̀mí. Ẹ wá gbọ́ ti ẹ̀rọ. Ẹ gbé sípíkà síwájú máìkì. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ohùn sípíkà á padà wọ máìkì, á sì máa han gooro. Ìwọ̀n ìkúùkù kan ni kó wà láàárín ẹnu àti máìkì, kí wọ́n má fọwọ́ bo orí ẹ̀. Kí wọ́n yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí atẹ́gùn ẹnu má baà máa lu máìkì. Kí gángan ti open mic jìnnà tó ìṣísẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gbé ohùn akéwì mì. Jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yìn ilé ni, níbi tí kò sí fèrèsé.