Báwo la ṣe ń fi olówó àti mẹ̀kúnnù hàn nínú àwòrán ìgboro?

Olùkọ́ Àwòrán, Kàbà
Ẹ̀yin èèyàn mi, okun o. Mo ní kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní girama fi ọ̀dà olómi (watercolour) ya ìgboro Kàbà lọ́jọ́ ọjà. Gbogbo wọn ló wọ aṣọ àkísà fún tálákà, tí wọ́n sì gbé olówó sínú jíìpù. Ó dùn mí, torí irọ́ ni. Alábàárù tó ń ti ọmọlanke lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì òkìríkà tó ṣì ń dán gbinrin. Kí ni kí n ní kí wọ́n máa wò?

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ẹ wá àwòrán Jean-Baptiste Debret fún wọn. Ará Faransé ni, ó dé Rio de Janeiro ní Brazil ní 1816, 1831 ló tó padà sílé, ọ̀dà olómi ló sì fi ya púpọ̀ nínú ohun tó rí nígboro ibẹ̀. Nínú ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń bá ẹbí rẹ̀ jáde. Baálé ló ṣáájú, àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, ìyá wọn tó lóyún tẹ̀ lé wọn, àwọn ẹrú wá tò sẹ́yìn. Bí ẹ bá bo aṣọ gbogbo wọn mọ́lẹ̀, ẹ ó ṣì mọ ẹni tó ni ẹni. Nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tó kù, ẹ ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ àwọn tó ru ẹrù: kò sí bàtà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Brazil láyé ìgbà yẹn, ojú mi kì í tètè kúrò lára wọn.

Ìyá Aláṣọ-Òkè, Ògìdì
Ẹ má fojú di aṣọ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wo bí obìnrin ṣe wé gèlè. Ẹni tó máa ru ẹrù á wé e pẹlẹbẹ, kí òṣùká lè jókòó. Ẹ tún wo ibòji. Oníṣọ́ọ̀bù jókòó sábẹ́ páànù. Ọmọ tó ń kiri ọsàn ń sún tẹ̀ lé ibòji ògiri bí oòrùn ṣe ń yí.

Ọmọ Ìsánlú
Mà á, òótọ́ lẹ sọ. Olùkọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀dà náà tún kù. Pépà fúnra rẹ̀ ni funfun wa. Agbádá funfun olóyè, kí búrọ́ọ̀ṣì má kàn án, àfi ibi tó bá ṣẹ́po. Ṣẹ́ẹ̀tì alábàárù tí eruku pupa ti bò, kí wọ́n kùn ún fẹ́lẹ́, kó gbẹ, kí wọ́n tún kùn ún, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi alábàárù náà síwájú, kó tóbi, kí jíìpù wà lẹ́yìn.