Extinguish, put out, quench: èwo là ń lò níbo?

Ọmọ Èkìtì, Leeds: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. "Extinguisher" ni wọ́n kọ sára ohun ìpaná níbi iṣẹ́. Ṣé "extinguish" ni kí n máa sọ bí mo bá fẹ́ kí ẹnì kan pa iná, àbí "quench" tí à ń sọ nílé?

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, London: "Put out" ni, àbúrò. Inú Látìn, exstinguere, ni "extinguish" ti wá, ó sì wọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọ̀rọ̀ ara pátákó àti ìwé òfin ni. Bí lọ́yà bá ní ẹ̀tọ́ yín kan ti "extinguished", kò sí mọ́ lábẹ́ òfin nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

"Quench" kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti wà kí "extinguish" tó dé. Àmọ́ òùngbẹ ni wọ́n sábà ń fi pa báyìí. Àwọn tó ń rọ irin náà ń lò ó bí wọ́n bá ri irin gbígbóná bọ omi tàbí òróró kó lè le. Ti iná mànàmáná, "turn off" tàbí "switch off" ni.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ ṣọ́ra fún "put out" náà o. "I don't want to put you out" kò kan iná, kò sì kan lílé ènìyàn jáde: "mi ò fẹ́ ni yín lára" ni. Bí wọ́n bá sì ní "she was a bit put out", inú ló ń bí i, kódà ó lè pọ̀ ju "a bit" yẹn lọ.

Panápaná, Birmingham: Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ má wá ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ jáde, ẹ pe 999, ẹ ní "fire", ẹ sọ àdírẹ́sì àti postcode.

Pupa ni ọ̀pọ̀ ohun ìpaná ní Britain, àwọ̀ tó wà lára ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Dúdú ni carbon dioxide, fún ohun èlò mànàmáná. Ẹ má di ẹnu rẹ̀ mú, òtútù ibẹ̀ ń bó awọ. Yẹ́lò ni ti òróró dídín, búlúù ni páúdà. Ẹ má da omi sórí òróró tó ń jó láé: omi á rì sísàlẹ̀, á di oru lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì ta òróró oníná náà káàkiri. Ẹ má gbé ìkòkò náà kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ Èkìtì, Leeds: Ẹ ṣeun gan-an. "Put the fire out" ni àbí "put out the fire"?

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, London: Méjèèjì tọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá lo "it", àárín ló gbọ́dọ̀ wà: "put it out". Kò sí "put out it".