Lẹ́yìn àríyá orin ní Faliro: ṣé kí á sùn sí Piraeus?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ lo ìsinmi ní Gíríìsì lóṣù keje. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Release Athens, àríyá orin tí wọ́n ń ṣe ní Plateia Nerou, létí òkun Faliro. Erékùṣù Naxos ló kàn lọ́jọ́ kejì.

Orin kì í tètè parí níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin Line 1 sì ń ṣíwọ́ ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru. Ti Piraeus, ìlú èbúté tí a ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Naxos, ò tiẹ̀ le, òun ni ibùdókọ̀ tó tẹ̀lé Faliro. Ẹsẹ̀ lásán lè gbé wa débẹ̀. Àárín ìlú Athens ló jìnnà.

Ọkọ̀ ojú omi ńlá ń ṣí ní bí aago méje àárọ̀, ó ń lo bíi wákàtí márùn-ún. Mo ti wo ọkọ̀ ayára ti ọ̀sán náà, àmọ́ meltemi, afẹ́fẹ́ àríwá tó ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, máa ń le sí i lọ́sàn-án, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń dá dúró. (Owó rẹ̀ tún ga.)

Ṣé kí á gba òtẹ́ẹ̀lì sí Piraeus, ká fi oorun wákàtí mẹ́rin wọ ti àárọ̀, àbí ká sùn dáadáa ní Athens, ká dúró de ti ọ̀sán?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun ṣáájú o.