Ìbéèrè Ìmọ̀ràn: Kọ̀ǹpútà mẹ́fà tó ń lo Windows 10 ní ṣọ́ọ̀bù mi, kí ni kí n ṣe sí wọn?

Ìyá Ìbejì, Agbowó:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn. A máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a sì ń bá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni mo fi ń ṣiṣẹ́, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, Windows 10 ló sì wà lórí wọn. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò fún Windows 10 dúró ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ̀wé lónìí. Ọmọbìnrin kan mú fúláàṣì rẹ̀ wá pé kí n bá òun tẹ orí kẹta iṣẹ́ àṣekágbá òun jáde. Bí mo ṣe kì í bọ kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn báyìí, gbogbo fódà tó wà nínú rẹ̀ ló yọ àmì ọfà kékeré lára, èyíkéyìí tí a bá sì tẹ̀ nínú wọn kò ṣí. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sunkún, nítorí pé lọ́jọ́ kejì ni olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ rí iṣẹ́ náà. Ojú tì mí gan-an, torí n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni àrùn náà ti wá.

Mo wá lọ bèèrè ní Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ní kí n ta gbogbo wọn, kí n ra òmíràn ní ₦320,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbo ni n óò ti rí i, nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gba ìdajì èrè? Ẹlòmíràn ní òun mọ ọgbọ́n tí òun fi lè gbé Windows 11 sórí gbogbo wọn ní ₦15,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ìbejì ní tirẹ̀ ní wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí mo ń wá wàhálà kún wàhálà. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

Bàbá Kékeré, Mọ́kọ́lá:

Ìyá Ìbejì, ti ọkọ yín ni kí ẹ gbọ́. Nígbà tí wọ́n pa Windows 7 tì ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ariwo tí wọ́n pa náà nìyí, èmi sì lo tèmi títí di ọdún 2023, nǹkan kan kò ṣe é. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kàn fẹ́ kí a máa ra tuntun ni. Ẹ di owó yín mú.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ògùnpa:

Ẹ̀gbọ́n mi Bàbá Kékeré, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ mi yóò yàtọ̀ sí tiyín díẹ̀. Ọdún 2023 tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni Google dẹ́kun láti máa ṣe Chrome tuntun fún Windows 7. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kọ̀ǹpútà tí ẹ̀yin nìkan ń lò nílé kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ṣọ́ọ̀bù tí àjèjì ń ki fúláàṣì bọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tu Ìyá Ìbejì nínú nípa ti ọmọ yẹn. Àrùn tó ń fi ọfà sára fódà ti wà tipẹ́ kí Microsoft tó dáwọ́ Windows 10 dúró; fúláàṣì ló ń gùn kiri láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn. Kì í sábà pa ìwé rẹ́, ńṣe ló ń gbé e pamọ́, tí yóò sì fi ọfà dí ojú rẹ̀. Ẹ ṣí fúláàṣì náà, ẹ tẹ View, kí ẹ sì fi àmì sí Hidden items. Ẹ má ṣe tẹ ọfà kankan. Bí ìwé náà kò bá hàn síbẹ̀, ẹ ní kí ọmọ náà mú un wá bá mi ní Ògùnpa, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òpin àtúnṣe ààbò jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá rí ihò nínú Windows, Microsoft a dí i, a sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ihò tó bá wà lára Windows 11 sábà máa ń wà lára Windows 10 pẹ̀lú, nítorí ọmọ ìyá ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá wá dí ti Windows 11 nìkan, àwọn ọ̀daràn a yẹ àtúnṣe náà wò fínnífínní, wọ́n a sì ti ibẹ̀ mọ ojú ihò tó ṣì là sílẹ̀ lára Windows 10. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àrùn WannaCry ti ìwé àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, ó dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe tí ì bá dènà rẹ̀ ti jáde láti oṣù Kẹta. Àrùn yẹn kò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan: bí kọ̀ǹpútà kan bá ti kó o, ó ń gba orí ìsopọ̀ dé ara àwọn tó kù ni. Mẹ́fà tiyín náà, ṣebí orí ráútà kan ni gbogbo wọn wà?

Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí ₦15,000 yẹn, ẹ bá mi wo sítíkà Intel tàbí ojú ewé System lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ bá rí i5-4570, 4 tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì yẹn ló ń sọ pé ìran kẹrin ni ọpọlọ rẹ̀ (processor). I5-8500, ìran kẹjọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí síbí.

Ìyá Ìbejì, Agbowó:

Ẹ ṣeun, àbúrò mi, Ọlọ́run yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Mo tẹ Hidden items bí ẹ ṣe wí, orí kẹta sì yọjú! Mo ti pe ọmọ náà.

Ọ̀kan jẹ́ i5-8500. Mẹ́ta jẹ́ i5-4570, RAM wọn (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) sì jẹ́ 4GB. Core 2 Duo ni wọ́n kọ sára méjì tó kù, 2GB ni tiwọn. Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a máa ń fi CorelDRAW ṣe káàdì ìpè àti ìwé ètò ìsìnkú.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ògùnpa:

Ó ti yé mi báyìí. Ìran kẹjọ yẹn yóò gba Windows 11 lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí ọgbọ́n kankan, bí ṣíìpù ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 bá wà ní títàn nínú rẹ̀. Òun ni kí ẹ gbé CorelDRAW sí.

Ẹni tó ní òun yóò fi ọgbọ́n gbé e sórí àwọn ìran kẹrin kò purọ́, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ yóò máa rí àtúnṣe gbà, nítorí náà ẹ lè san owó yín kí ẹ sì tún padà sí ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀. Ti àwọn Core 2 Duo, kò tilẹ̀ ṣeé ṣe rárá mọ́: láti ẹ̀dà 24H2 tó jáde ní ọdún 2024, Windows 11 ń béèrè iṣẹ́ kan tí ọpọlọ wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe, wọn kò sì ní tàn. Bí ó bá gba ₦30,000 yín lórí méjì yẹn, owó náà ti wọlé ìgbẹ́.

Ohun tí èmi yóò ṣe bó bá jẹ́ tèmi ni pé n óò gbé Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, sórí àwọn ìran kẹrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe ààbò Mint 22 yóò sì máa wọlé títí di ọdún 2029. Firefox àti Chrome ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, LibreOffice ń ṣí ìwé Word, àrùn ọfà tí a kọ́ fún Windows kò sì lè sá eré kankan níbẹ̀. Ẹ kò ní láti fi afọ́jú fò ó: a lè fi fúláàṣì tan Mint láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín dán an wò ní ìṣojú yín. Ibi tí wàhálà sábà máa ń wà nìyẹn, torí àwọn ẹ̀rọ HP kan ń gbọ́ràn kíákíá, àwọn Canon kékeré kan a sì máa ṣagídí. Bí a bá wá fẹ́ gbé e wọlé pátápátá, a gbọ́dọ̀ ti kó ìwé yín síta ná, nítorí yóò nu dísíìkì náà mọ́. 2GB ni Mint ń béèrè ó kéré tán, àwọn méjì yẹn yóò gbé e, ṣùgbọ́n wọn yóò máa fà. Ẹ fi wọ́n ṣe títẹ ọ̀rọ̀ nìkan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè, UI:

Ẹ ǹlẹ́ o, Mà. Mo lo Linux tẹ iṣẹ́ tèmi, ẹ̀ka èdè Yorùbá sì ni mo wà. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú rẹ̀ tí a kò ní lọ wá kiri: ẹ lọ sí Keyboard, ẹ yan Nigeria, ẹ sì mú Yorùbá. Ẹ ó lè tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn láti orí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ máa fi kálàmù kọ àmì sí i lẹ́yìn títẹ̀ bí wọ́n ti ṣe fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ohun kan tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé tábìlì àti nọ́ńbà ojú ìwé a máa yẹ̀ nígbà mìíràn bí ìwé bá ti Word wọ LibreOffice. Lẹ́tà Liberation Serif ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú Times New Roman, nítorí náà ìlà kì í yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa sọ ọ́ di PDF kí oníbàárà wò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bàbá Kékeré, Mọ́kọ́lá:

Mo gbọ́, mo sì gbà pé ti ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí ti ilé. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Microsoft ṣì ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026 fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní $30. Kí ló dé tí kò fi forúkọ sílẹ̀ kó sinmi?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ògùnpa:

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ̀yin forúkọ tiyín sílẹ̀ lónìí. Ti ọ̀fẹ́, ẹ ó kàn fi àkáǹtì Microsoft wọlé, kí ẹ sì gbà kí ètò kọ̀ǹpútà yín máa lọ sórí ìkùukùu (cloud) wọn, ìyẹn ibi ìpamọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ $61 lórí kọ̀ǹpútà kan ní ọdún àkọ́kọ́, yóò sì di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ìyá Ìbejì ń fi tirẹ̀ ṣòwò.

Lọ́yà kan, Ring Road:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò sí lórí Windows ṣùgbọ́n tó kan ṣọ́ọ̀bù yìí gbọ̀ngbọ̀n. Òfin Ààbò Ìwífún ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tó ń gba ìwífún àwọn èèyàn láti dáàbò bò ó bó ti yẹ, bí ó bá sì já sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ewu wà níbẹ̀ fún oní-nǹkan, wákàtí 72 ni òfin fún un láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí. Mo ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín rí, mo sì rí ìwé NIN, ìwé ẹ̀rí ìbí àti fọ́tò àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ lójú kọ̀ǹpútà tí mo lò, ó tó ogójì. Kí ẹ tó ronú nípa Windows rárá, Mà, ẹ pa wọ́n rẹ́ lálẹ́ òní, kí ẹ sì máa pa ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan rẹ́ ní kété tó bá ti san owó.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìdí-Ìshìn:

Gbogbo ìmọ̀ràn yìí dára, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé Ìyá Ìbejì nìkan ló ń ru ẹrù yìí. Àwọn ẹgbẹ́ oníbàárà ní Yúróòpù dìde, wọ́n bá Microsoft sọ ọ́, ilé-iṣẹ́ náà sì fún àwọn ará ibẹ̀ ní àtúnṣe ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí pé wọ́n ń gbé ètò kọ̀ǹpútà wọn sórí ìkùukùu. Kí ló dé tí tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀? Àwa náà ní àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, òfin ọdún 2018 ló sì gbé e kalẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ògùnpa:

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n Windows 10 ti jáde láti ọdún 2015. Àtúnṣe ọdún mẹ́wàá kì í ṣe kékeré.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìdí-Ìshìn:

Ọmọ mi, ọdún tí Windows jáde kọ́ ni kí ẹ kà, ọdún tí èèyàn ra kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó ra ìran keje tuntun nínú páálí ní ọdún 2017, nígbà tí Windows 11 dé ní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìran náà ni wọ́n yọ sílẹ̀, ọdún mẹ́rin péré. Ìjọba tó ń fi owó ìlú ra kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́ yẹ kí ó máa béèrè, kí ó tó sanwó, ọdún tí àtúnṣe ààbò yóò dópin, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Mo kọ́ ọmọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo sì mọ iye yàrá kọ̀ǹpútà tí mo rí tí a tì pa nígbà tí ohun tó wà nínú wọn kò tíì gbó.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ògùnpa:

Ẹ jàre, Bàbá. N kò gbà á rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì, Agbowó:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Lọ́yà wa, mo pa ìwé rẹ́ lálẹ́ àná títí aago mẹ́wàá fi lù. Lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀bá ilẹ̀kùn nìkan, ìwé NIN tí mo rí lé ní igba, àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2021, ẹ̀rù sì bà mí. Ìran kẹjọ yóò gba Windows 11 àti CorelDRAW. Àwọn ìran kẹrin mẹ́ta yóò lọ sí Mint bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi bá gbà. Àwọn Core 2 Duo méjì, n óò yọ wọ́n kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n óò sì fi wọ́n sílẹ̀ fún títẹ ọ̀rọ̀. N kò ní san ₦15,000 fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ní Ògùnpa, bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá rọ̀ yín lọ́rùn, Bàbá Ìbejì yóò fi ọkọ̀ gbé èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà wá, kí a fi fúláàṣì tan Mint níbẹ̀ kí òun náà fojú ara rẹ̀ rí i.