Ẹni tó ní irùngbọ̀n, ṣé kó fá a torí búrẹ́dì?

Àdìò Ọmọ Táàkí:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìdí ẹ̀rọ tó ń po fúláwà ni wọ́n fi mí sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo bá ìwé lára ilẹ̀kùn: "Onírùngbọ̀n kò gbọdọ̀ dé ìdí fúláwà mọ́." Oníbàárà kan láti Sábó ló gé búrẹ́dì tó sì fa irun jáde níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo ní irùngbọ̀n láàárín wa, ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ irun ọ̀hún gùn gbọọrọ, tèmi sì ká kókó! Ìyàwó ọ̀gá ló máa ń dé wíìgì wá wò wá. Mi ò sọ nǹkan kan o, mo ṣì fẹ́ gbowó oṣù.

Torí Súnà ni mo ṣe dá irùngbọ̀n mi sí, ọdún 6 rèé. Ìbòmú ìgbà kòrónà ni mò ń lò, àmọ́ irun ń yọ lábẹ́ àgbọ̀n, tí òógùn bá sì mú un rin, màá fà á wálẹ̀ kí n lè mí. Ṣé NAFDAC ló ní ká fá irùngbọ̀n ni, àbí òfin ọ̀gá nìyẹn?

Ìyá Ẹlẹ́gàárì, Ọ̀yọ́:
Àdìò ọmọ mi, mo ń di gààrí sínú ọ̀rá, mo sì ti gba nọ́ńbà NAFDAC. Àwọn tó wá wo ibi iṣẹ́ mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fá irùngbọ̀n, wọ́n ní kó bò ó ni. Ìbòmú ò lè ṣe ìyẹn. Imú àti ẹnu ló wà fún, torí itọ́ àti kòkòrò Staphylococcus tó máa ń gbé inú imú èèyàn. Oró tí kòkòrò yẹn bá tú sínú oúnjẹ, iná kì í pa á. Tí ìbòmú bá sì ti rin, pààrọ̀ rẹ̀. Fífà á wálẹ̀ yẹn ló burú jù!
Néẹ̀tì irùngbọ̀n wà lọ́tọ̀, ó ní rọ́bà tí wọ́n ń fi kọ́ etí, ó máa bo irun òkè ètè àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dé ti orí ná, kó bo etí, kí o wọ ti irùngbọ̀n, kí o wá fọ ọwọ́ kẹ́yìn.

Baba Ìbejì:
Fá a jàre, yóò tún hù.

Ọmọ Bisikíìtì:
Ẹ̀yin Baba Ìbejì, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ọdún 4 ni mo lò nílé iṣẹ́ bisikíìtì n'Íbàdàn pẹ̀lú irùngbọ̀n mi. Búlúù ni gbogbo néẹ̀tì wa, torí tó bá já bọ́ sínú fúláwà, ojú á tètè rí i. Ìbòmú tó ní wáyà lórí imú, ṣọ́ra fún un, wáyà yẹn lè yọ.
Èyí tó kàn ọ́ gan-an, Àdìò, eruku fúláwà ni. Ó ń fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ní ikọ́ fée. N95, ìbòmú tó ń sẹ́ eruku, tó yẹ kó gbà ọ́ kì í lẹ̀ mọ́ ojú onírùngbọ̀n, eruku á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Kódà èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ń dí i lọ́wọ́. Jẹ́ kí ẹlòmíì tí kò ní irùngbọ̀n máa tú àpò, kó rọra tú u, kó má gbọ̀n ọ́n.

Àdìò Ọmọ Táàkí:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo béèrè néẹ̀tì irùngbọ̀n ní ọjà Wàásó, obìnrin náà gbé néẹ̀tì ẹ̀fọn jáde! Ìyá, ibo lẹ ti ń rà á?

Ìyá Ẹlẹ́gàárì, Ọ̀yọ́:
Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà ilé ìwòsàn. Má fọ̀ ọ́ tún lò o. Kí o sì ra ti orí kún un, kí o fún ìyàwó ọ̀gá yẹn ní ọ̀kan.